Ayọ̀ Nínú Inúnibíni: Ta Ló Lẹ́nu Láti Ní Kí Á Máa Yọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ dé gbòǹgbò. Òun ni ọ̀rọ̀ ayọ̀ ní àkókò inúnibíni. Onígbàgbọ́ tí wọ́n lù, tàbí tí wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tàbí tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ nítorí pé ó ń jẹ́ orúkọ Kristi, ǹjẹ́ lóòótọ́ ni ó lè máa yọ̀? Bí ó bá sì lè yọ̀, ta ló lẹ́nu láti sọ fún un pé kó máa yọ̀?

Ìbéèrè kejì yìí ló ká wa lára jù. Láti ìgbà làásìgbò oṣù kejì ọdún 2000 tí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà dá sílẹ̀, dé ti oṣù kọkànlá ọdún 2002 tí ìdíje arẹwà àgbáyé fà, dé ti oṣù kẹrin ọdún 2011 lẹ́yìn ìdìbò Ààrẹ, ìwàásù kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí ìjọba bá ti dẹ òfin kónílé-ó-gbélé. Oníwàásù yóò dìde, yóò ní kí ìjọ máa yọ̀, nítorí pé ìyà tó jẹ wọ́n ní èrè lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Opó tí ilé rẹ̀ jó, tí wọn kò tíì rí òkú ọkọ rẹ̀, wà nínú ìjókòó, ó ń gbọ́. Bí ìsìn bá parí, oníwàásù á padà sí ilé tirẹ̀ tí kò jó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn-ún ròfọ́.

A kò sọ èyí láti bú àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ nínú ìyà yìí, àwọn mìíràn sì ti kú nínú rẹ̀. A kò sì sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Bíbélì sọ ọ́, a sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ilé tó ti wá, ó sì yẹ kí á bá a dé ilé ọ̀hún kí á tó máa fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ẹni tó kọ ọ́ pé kí onígbàgbọ́ máa yọ̀ nígbà gbogbo ni Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì. Ìjọ tó wà ní Fílípì ló kọ ọ́ sí, ìlú kan ní Makedóníà tó wà lábẹ́ ìjọba Róòmù nígbà náà, tó jẹ́ ara ilẹ̀ Gíríìsì lónìí. Inú túbú ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó ń kọ ìwé náà, ó sì mẹ́nu kan ìdè rẹ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò mọ̀ bóyá wọn yóò dá òun sílẹ̀ tàbí wọn yóò pa òun. Àwọn ará Fílípì pàápàá kò wà ní ìrọ̀rùn, nítorí ó sọ fún wọn pé irú ìjà tí òun ń jà ni àwọn náà ń jà. Ẹni méjì tí òjò kan náà ń pa ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó jókòó lábẹ́ òrùlé bá wá mú ọ̀rọ̀ yìí, tó ń pè é sí ẹni tó wà nínú òjò, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń sọ ọ́ ti yí padà.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìwé náà tí ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba mọ rísíìtì dáadáa. Ẹ ka orí tó gbẹ̀yìn ìwé sí àwọn ará Fílípì, ẹ ó rí i pé ìwé ìdúpẹ́ ni, ó sì fara jọ rísíìtì. Ìjọ náà dá nǹkan jọ, wọ́n fi rán Epafiróditu sí Pọ́ọ̀lù lẹ́wọ̀n, ẹni náà sì ṣàìsàn débi pé díẹ̀ ló kù kó kú. Pọ́ọ̀lù wá kọ̀wé pé òun ti gba ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó sì pé òun. Ní ayé ìgbà náà, ẹlẹ́wọ̀n tí kò bá ní èèyàn tó ń gbé oúnjẹ àti aṣọ wá fún un, ojú rẹ̀ á rí màbo. Nítorí náà, ìwé tí gbogbo wa mọ̀ sí ìwé ayọ̀, ẹni tí àwọn ará rẹ̀ ti rántí ló kọ ọ́. Wọ́n ti ná owó, wọ́n ti rin ìrìn àjò, kí ọ̀rọ̀ ayọ̀ tó dé. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń fẹ́ kí ayọ̀ náà dé láìná kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní Fílípì yìí kan náà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, bó ṣe wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹrìndínlógún. Ìyẹn ni ìtàn Pọ́ọ̀lù àti Sílà tí gbogbo ọmọ Sunday School mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń kọrin ní ọ̀gànjọ́ òru nìkan ni a máa ń rántí. A máa ń gbàgbé ohun tó ṣáájú orin àti ohun tó tẹ̀lé e.

Ohun tó ṣáájú ni ọ̀rọ̀ owó. Ọmọbìnrin ẹrú kan wà tó ní ẹ̀mí àfọ̀ṣẹ, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi í pa owó. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù lé ẹ̀mí náà jáde, owó dá. Àwọn ọ̀gá náà kò sọ níwájú adájọ́ pé owó àwọn ló dá o. Wọ́n ní àwọn àjèjì wọ̀nyí ń kọ́ni ní àṣà tí kò bá ìlú mu. Ẹni tó bá ti gbé Kàdúná pẹ́ mọ irú ẹjọ́ yìí. Ẹ̀sìn ni wọ́n ń pariwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ ń já. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pè ní ogun ẹ̀sìn ni ẹ̀sìn bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olójú ẹ̀sìn ni ó ń kú nínú rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé orin ni ọ̀rọ̀ onítúbú. Ilẹ̀ mì, ilẹ̀kùn túbú ṣí, onítúbú rò pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti sá lọ, ó sì fa idà yọ láti pa ara rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló kan ààbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn wọn kò tíì gbẹ. Bí Pọ́ọ̀lù bá dákẹ́, ọ̀tá á kú, ọ̀nà á sì là. Pọ́ọ̀lù kò dákẹ́. Ó ké sí i pé kó má pa ara rẹ̀ lára, gbogbo àwọn wà níbẹ̀. Ní wákàtí kan náà ni onítúbú yìí ń wẹ ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí wọn lára, ó sì gbé oúnjẹ ka iwájú wọn nínú ilé rẹ̀.

Ibí yìí ni a ti mọ irú ayọ̀ tó wà nínú orin òru náà. A kò lè fi ohùn orin mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọ̀mùtí náà a máa kọrin, ẹni tí inú ń bí a sì máa kọrin ogun. Ohun tí ọwọ́ wọn ṣe sí onítúbú nígbà tí agbára dọ́wọ́ wọn ni a fi mọ̀. Ayọ̀ tó bá jẹ́ pé a ń fi í dúró de ọjọ́ tí ilé aládùúgbò wa náà yóò jó, kì í ṣe ayọ̀ Fílípì.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa lè sọ pé ẹ̀kọ́ yìí rọrùn fún ará ìgbàanì, pé ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Hausa kò lè ṣe é. A gbọ́. Ṣùgbọ́n kí á tó sọ pé ilẹ̀ kan tàbí ẹ̀yà kan ló ni inúnibíni, ó dára kí á rántí ilé tiwa.

Ní Abẹ́òkúta, níbi tí Henry Townsend àti Àjàyí Crowther ti dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní ọdún 1846, ìrìbọmi àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848. Ìyá Crowther, Àfàlà, wà nínú àwọn tí wọ́n rì bọmi lọ́jọ́ náà. Kò pé ọdún méjì tí inúnibíni fi bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1849, àwọn ará ilé àwọn onígbàgbọ́ tuntun àti àwọn àgbà ìlú mú wọn, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan ààbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Kò sí Hausa níbẹ̀, kò sí Fúlàní. Ẹ̀gbá ló ń na Ẹ̀gbá, bàbá ló ń de ọmọ. Ẹ̀rù ló sì ń ba àwọn tó ń nà wọ́n, wọ́n rò pé bí àwọn ọmọ bá kọ ẹ̀yìn sí òrìṣà, ìlú á bàjẹ́. Àwọn tí wọ́n dè náà kò sì sẹ́.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, ọjọ́ Ìsinmi, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde nílùú. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, lábẹ́ Glover, ń tẹ ìtẹ́kútẹ̀ lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá ló fara kó o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù, wọ́n sá lọ sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ẹni tó bá ń rìn níbẹ̀ lónìí, tó rí ṣọ́ọ̀ṣì St. Jude, orí ilẹ̀ àwọn tí wọ́n sá fún inúnibíni ló ń rìn. Àwọn ìyẹn náà gbọ́dọ̀ ti bi ara wọn léèrè, bí àwa náà ṣe ń bi ara wa, bóyá kí àwọn padà tàbí kí àwọn má padà mọ́.

Ti Wòlíì Joseph Ayọ̀délé Babalọlá tún wà níbẹ̀. Ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Ní ọdún 1932 wọ́n fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jẹ ẹ́, ní Benin ló ti ṣe é. Ìjọba amúnisìn ló jù ú sẹ́wọ̀n, ìjọba àwọn òyìnbó tí àwọn fúnra wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A kò nílò láti sọ púpọ̀ lórí èyí. Kristẹni pàápàá máa ń ṣe inúnibíni sí Kristẹni, ẹni tó bá ti gba àga agbára ló ń wà nínú ewu rẹ̀.

Wàyí o, kí ni ayọ̀ náà gan-an? Yorùbá ní orúkọ kan, Ẹkúndayọ̀. Ilé ni à ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí a sọ ní Ẹkúndayọ̀, wọ́n ti sunkún nínú ilé náà kó tó dé. Orúkọ yìí dára, nítorí kò fi ẹkún pamọ́. Ẹkún ló tilẹ̀ ṣáájú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orúkọ yìí, ẹkún ní láti lọ kí ayọ̀ tó wọlé. Ayọ̀ tí ìgbàgbọ́ Kristẹni ń sọ yàtọ̀ díẹ̀ sí i: òun àti ẹkún lè jókòó sínú yàrá kan náà. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, òun ẹni tó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Onígbàgbọ́ tó ń sunkún kò tíì ṣẹ̀. Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ayọ̀ yìí, bí a ṣe mọ̀ ọ́n mọ, ni ìríran tó kù ní ojú ẹni tó ń sunkún.

Inú dídùn ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé ohun tí ọwọ́ bá bà. Owó oṣù wọlé, inú dùn. Ọmọ ṣe ìdánwò yege, inú dùn. Bí ohun náà bá lọ, inú dídùn náà á bá a lọ, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ìgbàgbọ́ mọ̀ pé ẹnì kan mọ òun, tó sì fẹ́ràn òun, tí ikú kò sì lè gba òun lọ́wọ́ ẹni náà, ó ní nǹkan kan tí ẹni tó gbé ṣáká wá kò mọ ibi tó wà. Kò sí bí a ṣe lè fún èèyàn ní ìyẹn ní ọjọ́ tí ogun dé. Ó ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ olúwa rẹ̀ kí ogun tó dé. Ìdí nìyí tí àṣẹ kò fi lè mú un wá.

Ẹ jọ̀wọ́, kí á dá ẹnu dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo ìyà ni inúnibíni. Òṣìṣẹ́ tó ń dé ọ́fíìsì ní aago mọ́kànlá, tí wọ́n fún ní kúẹ́rì, tó wá ń sọ káàkiri pé wọ́n ń dojú kọ òun nítorí Jésù, kó lọ ra aago. Ẹni tó fi gbohùngbohùn dá gbogbo àdúgbò lóró láti alẹ́ dé òwúrọ̀, tí wọ́n wá bá jà, kó kọ́kọ́ dín ohùn rẹ̀ kù. Pétérù àpọ́sítélì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ láyé ìgbà náà: ìyà olè ọ̀tọ̀, ìyà ẹni tó jẹ́ Kristẹni ọ̀tọ̀.

Nítorí pé ayọ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí tí ẹni tó ní i nìkan lè jẹ́, ó yẹ kí á ṣọ́ra nípa ẹ̀rí tí a ń jẹ́ fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2018, Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin 110 ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Dapchi, ìpínlẹ̀ Yobe. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà. Leah Sharibu, ọmọ ọdún 14, kò bá wọn dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé sọ pé ó kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù pé ọmọ náà ń yọ̀ níbi tó wà. Ta ló sọ fún wọn? A mọ̀ pé ó kọ̀. Ìyẹn tó láti mú kí àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí ní òru, òun àti Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Bí a bá sọ pé ó ń yọ̀, a lè máa fi ìyẹn tu ara wa nínú, kí á má baà máa rántí rẹ̀ mọ́, kí á má sì bi ìjọba léèrè nípa rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Kàdúná, sí ọ̀rọ̀ onítúbú. Lẹ́yìn ọdún 2000, ìlú yìí pín sí méjì. Odò wà láàárín. Kristẹni ń kó lọ sí ìhà gúúsù, Sabon Tasha àti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí ń kó lọ sí ìhà àríwá, Rigasa àti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀. Èyí dun àwa Yorùbá ju ẹ̀yà mìíràn lọ, nítorí pé inú ìdílé kan náà ni a ti ń rí ẹ̀sìn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìhà ọ̀hún, àbúrò wà ní ìhà ìhín, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, wọn á kọ́kọ́ ro ti ọ̀nà.

Nínú ìlú kan náà yìí ni Pásítọ̀ James Wuye àti Ìmáàmù Muhammad Ashafa wà. Àwọn méjèèjì ti wà nínú ìjà gidi, ọ̀kan ní ìhà tiwa, èkejì ní ìhà tiwọn. Ní ọdún 1992 Wuye pàdánù ọwọ́ rẹ̀ kan. Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1995, wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ ìfikùnlukùn Kristẹni àti Mùsùlùmí sílẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2002 sì ni àwọn olórí ẹ̀sìn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà Kàdúná, tí àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ fún. Kò pẹ́ tí làásìgbò oṣù kọkànlá fi dé, àwọn èèyàn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò torí ẹ̀ tú ká. A kò mọ ohun tí a lè pe irú ìwà yìí bí kì í bá ṣe ti ẹni tó ké sí onítúbú pé kó má pa ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ ni, kì í ṣe ẹni tó jókòó sílé tó ń gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá yín. Ẹ mọ ìtàn Bílálì tí ọ̀gá rẹ̀ gbé òkúta lé láyà nínú oòrùn Mẹ́kà, tí kò sì sọ ju pé Ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run. Ẹ mọ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìyà pọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́, ilẹ̀ Abisíníà ni wọ́n sá lọ, lọ́dọ̀ Nàjáṣì, ọba Kristẹni. Àwọn ará Mẹ́kà kó ẹ̀bùn lọ bá ọba pé kó dá wọn padà, ọba kọ̀. Gbèsè yẹn ti pẹ́, a sì ti rí ẹni tó san nínú rẹ̀: ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2018, ní àgbègbè Barkin Ladi ní ìpínlẹ̀ Plateau, Ìmáàmù Abubakar Abdullahi kó èèyàn tó lé ní 200, tí Kristẹni pọ̀ jù nínú wọn, sínú ilé rẹ̀ àti mọ́sáláṣí, ó sì dúró níwájú àwọn tó ń lépa wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, nítorí àwọn kan rò pé ẹni tó ń yọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe àròyé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Fílípì, àwọn aláṣẹ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Pọ́ọ̀lù ní rárá. Wọ́n nà wọ́n ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, ọmọ ìlú Róòmù sì ni wọ́n, nítorí náà kí àwọn aláṣẹ fi ẹsẹ̀ ara wọn wá mú wọn jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin tó kọrin ní òru ló béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwa náà ní ìwé òfin. Abala 38 nínú òfin ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní òmìnira ẹ̀sìn, ó sì ní wọn kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Abala 42 ní wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀sìn tàbí ìlú tí èèyàn ti wá yà á sọ́tọ̀ sí ibi. Ìjọ tí wọ́n kọ̀ láti ta ilẹ̀ fún, ọmọ tí kò rí olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì nílé-ìwé, òṣìṣẹ́ tí ìgbéga kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí orúkọ tó ń jẹ́, kí wọ́n kọ̀wé. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì tún un kọ bí èsì kò bá wá. Àwa tí a ti lo ìgbésí ayé wa nídìí fáìlì mọ̀ pé ohun tí kò sí nínú ìwé, kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé á ní, kí ló dé tí ẹ kò padà wálé? Òótọ́ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, kò sẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, inú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti pa nǹkan bí 40 èèyàn, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe àjò. Nígbà Àjíǹde ọdún 2023, wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn èèyàn sì padà wọ inú rẹ̀ láti sìn. A kò bá wọn jókòó níbẹ̀, a kò sì ní sọ pé ayọ̀ ni gbogbo wọn bá wọlé. Àwọn kan lè ti wọlé pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹlòmíràn lè má tíì wọlé títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn wọn ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Fún àwa tí ọ̀ràn kò tíì kan, iṣẹ́ wa ni ti àwọn ará Fílípì, iṣẹ́ àwọn tó dá nǹkan jọ tí wọ́n sì rán ẹni tó gbé e lọ. Nítorí náà a ń bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa pé nínú ìṣirò owó ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ fún ilé gbígbà, fún ìwòsàn, fún ìsìnkú àti fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tí wàhálà bá sọ di aláìní baba, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé igbá kiri nínú ìpàdé. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá jó ilé rẹ̀, a kò ní bi í léèrè ẹ̀sìn tó ń ṣe kí akápò tó fún un lówó.